Ìjì Tó Ń Ti Ìlà-Oòrùn Bọ̀: Ìtàn Ìdásílẹ̀ Àpérò AMMA

Bí oṣù kẹta bá ti ń lọ sópin, tí ooru ti mú Ìlọrin dójú ẹ̀, apá ìlà-oòrùn ni àwọn ọlọ́jà Táíwò Road máa ń wò. Ibẹ̀ ni òjò ti ń ṣú. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ dá, ewé kan ò ní mì, àfi bí ẹ̀fúùfù tútù bá ṣàdédé ya dé, tó gbé eruku bo títì. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò á máa kó ọjà wọlé, ẹni tó pàtẹ sábẹ́ agbòjò á di agbòjò rẹ̀ mú, ọlọ́kadà á wá iwájú ṣọ́ọ̀bù sá sí. Páànù tí ìṣó rẹ̀ ò rinlẹ̀ á ṣí lọ. Kí ó tó tó wákàtí méjì, àrá ti rọlẹ̀, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló kù, ìjì náà sì ti forí lé apá Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òkè-Ògùn.

Níbo ló ti gbéra? Ta ló sì lè sọ pé ó ń bọ̀ kí páànù tó ṣí?

Ìbéèrè méjì yìí wà lára ohun tó bí àpérò káríayé African Monsoon Multidisciplinary Analysis, tí wọ́n ń pè ní AMMA, tó kọ́kọ́ jókòó ní Dakar, olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gàl, ní ìparí ọdún 2005. Àwọn òyìnbó ní àpérò tiwọn lórí ìjì líle. Ti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní Toulouse, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 2000, wọ́n sì tún pàdé ní Prague lọ́dún 2002. Ṣùgbọ́n ìjì tó ń jà ní Táíwò Road ní ìwà tirẹ̀, ó ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ní àsìkò tirẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n pàdé lé e lórí ní ilẹ̀ tó ti ń jà, ó sì gba ọgọ́ta ọdún kí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ tọpa ìjì

Lọ́dún 1937 ni ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ló ká wọn lára jù, nítorí ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀run kò gbọdọ̀ kó sínú ìjì láìmọ̀. Lọ́dún 1945, R. A. Hamilton àti J. W. Archbold gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ onímọ̀ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ọjọ́ Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ni iṣẹ́ náà dá lé. Wọ́n fi hàn pé ìjì líle ilẹ̀ yìí kì í kàn ṣẹlẹ̀ síbi tó bá wù ú. Ó máa ń tò ní ìlà gígùn láti àríwá sí gúúsù, gbogbo ìlà náà á sì máa rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Eldridge tún ṣàlàyé kún un lọ́dún 1957.

Ohun tí ìwádìí àwọn tó dé lẹ́yìn fi kún un ni bí ìlà náà ṣe ń gbé ara rẹ̀ ró. Láti Òkun Átílántíìkì ni afẹ́fẹ́ olómi ti ń fẹ́ wọ ilẹ̀ wa láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Lókè rẹ̀, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ gbígbẹ kan ń sáré láti ìlà-oòrùn, nítorí pé ooru aṣálẹ̀ Sàhárà àti tútù etí òkun kò dọ́gba. Bí òjò bá ń já bọ́ gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gbẹ kó tó délẹ̀. Gbígbẹ yẹn á sọ afẹ́fẹ́ di tútù, á sọ ọ́ di wíwúwo, á sì já wálẹ̀ tagbáratagbára, kó tó máa tàn ká níwájú ìjì. Òun ni ẹ̀fúùfù tútù tó máa ń ṣáájú òjò dé Táíwò Road. Bó ṣe ń lọ, ńṣe ló ń wọ abẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà níwájú rẹ̀, tó sì ń gbé e sókè bí ọkọ́ ṣe ń hú ebè. Afẹ́fẹ́ tó gbé sókè yẹn á di ìkúùkù tuntun, ìkúùkù tuntun á rọ òjò tuntun, ìlà ìjì á sì tún tẹ̀ síwájú. Bó ṣe lè rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà nìyẹn, nígbà tí òjò tó ṣú lórí òkè kan á ti tán síbẹ̀.

Ìpàdé tó wà lójú omi

Lọ́dún 1974, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kóra jọ sí Dakar fún iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní GATE. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, nǹkan bí 40 ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe ìwádìí lórí Átílántíìkì, tí ọkọ̀ òfurufú náà sì ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìkúùkù. Ayé ò tíì rí irú rẹ̀ rí nínú ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́. Láti inú iṣẹ́ náà ni Robert Houze ti ya àwòrán bí ìlà ìjì kan ṣe rí nínú láti orí dé ìdí, àwòrán tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kọ́ títí di òní.

Ṣùgbọ́n ojú omi ni wọ́n ti wo ìjì náà jù, lẹ́yìn tó ti kúrò lórí ilẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkọsílẹ̀ bá ọkọ̀ padà sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìjíròrò tó tẹ̀ lé e ti wáyé.

Ó ku ilẹ̀. Àwọn ará Faransé gbé rédà wá sí Korhogo, ní àríwá Côte d'Ivoire, lọ́dún 1981, láti wo ìlà ìjì bó ṣe ń kọjá lórí oko àti abúlé. Ní Nàìjíríà, J. 'Báyọ̀ Ọmọ́tọ́shọ̀ọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, FUTA, sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 1985. Ó pín òjò Nàìjíríà sí mẹ́ta: èyí tí ìlà ìjì ń rọ̀, èyí tí àrá lásán ń rọ̀, àti èyí tó ń wá pẹ̀jẹ́pẹ̀jẹ́ láti inú afẹ́fẹ́ òkun. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́ wá di ohun tí wọ́n ń wọ̀n tí wọ́n sì ń kà.

Ìyàn ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di kánjúkánjú. Ọ̀dá mú àgbègbè Sahel, ní etí gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó tún padà wá ní 1983 àti 1984. Ẹran ọ̀sìn kú, oko gbẹ, ebi pa èèyàn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní agbègbè Niamey, olú ìlú Niger, wá fi hàn pé àwọn ìjì ńlá tó tò ní ìlà, tí wọn kò pọ̀ níye, ni wọ́n ń mú nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òjò ibẹ̀ wá. Ìjì tó ń ṣí páànù yìí kan náà ló ń fún jéró àti ọkà bàbà lómi. Ọdún tí kò bá wá, ebi ni.

Bí wọ́n ṣe dá AMMA sílẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ikọ̀ kan tí Chris Thorncroft wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀ gbé ọkọ̀ òfurufú ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Niamey láti wọn afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn tó ń sáré lójú ọ̀run. JET2000 ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ó kéré, ó sì yára parí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí wọn ò tíì mọ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n mọ̀ lọ. Láàárín ọdún 2001 sí 2002, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé gbé àbá kan kalẹ̀ tó tóbi ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Jean-Luc Redelsperger àti Thierry Lebel ló ṣíwájú. Thorncroft dara pọ̀ mọ́ wọn, Douglas Parker ti Yunifásítì Leeds náà dara pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Arona Diedhiou, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní Dakar, Amadou Thierno Gaye ti Yunifásítì Cheikh Anta Diop wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé. Wọn ò ní wo òjò nìkan. Wọn á wo òkun, ilẹ̀, koríko, odò, àìsàn àti oúnjẹ pọ̀ mọ́ ọn. Wọn ò ní wá fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n sì lọ bí wọ́n ti ṣe ní 1974. Àwọn ibùdó kan á máa ṣiṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́wàá, ní Gourma ní Mali, ní ìwọ̀-oòrùn Niger àti ní òkè odò Ouémé ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn onímọ̀ Áfíríkà ò sì ní jẹ́ àlejò nínú ilé ara wọn. Èyí ló mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn, AMMANET, sílẹ̀.

Àpérò àkọ́kọ́ ní Dakar, 2005, ni gbogbo ètò yìí ti di ìpàdé káríayé tí wọ́n ń pè síra wọn. Ìlú yẹn kan náà tí GATE ti bẹ̀rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún ó lé ọ̀kan ṣáájú ni, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ti kúrò lójú omi, orí ilẹ̀ ni wọ́n kọjú sí. Owó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti dé lọ́dún náà, iṣẹ́ tó tóbi jù sì kù fẹ́ẹ́rẹ́.

Ọdún 2006

Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, bàlúùnù tó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ sójú ọ̀run tó nǹkan bí 7,000, láti ibùdó 21 káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀rọ kékeré tó so mọ́ bàlúùnù kọ̀ọ̀kan ń fi ìròyìn ooru, ọ̀rinrin, ìwúwo afẹ́fẹ́ àti ìyára afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ wálẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibùdó wọ̀nyí ti dákẹ́ nítorí owó àti gáàsì. Wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì dá tuntun sílẹ̀, Abuja wà lára wọn. Ó ju ti GATE lọ. Kò sígbà kan rí tí wọ́n wọn ojú ọ̀run wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé rédà kan láti MIT sí Niamey, wọ́n gbé òmíràn sí Kopargo, nítòsí Djougou ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọkọ̀ òfurufú M55 Geophysica gbéra ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, ó sì fò dé nǹkan bí kìlómítà ogún sójú ọ̀run, níbi tí orí ìjì ti ń pẹ̀ka. Àwọn ará NASA dúró sí erékùṣù Sal ní Cape Verde, wọ́n ń wo ìjì tó bá kúrò lórí ilẹ̀ bọ́ sójú omi. Ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n: nínú àwọn ìjì ńlá tó ń ba ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó le jù lọ ló jẹ́ pé láti inú ìrúkèrúdò ojú ọ̀run Áfíríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ọdún náà pẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó wọlé dé Sahel, ìdí tó fi pẹ́ sì di ohun tí wọ́n jọ jíròrò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlọrin náà kópa, láìjẹ́ pé ó pariwo. Lọ́dún 1992 ni ẹ̀ka Físíìsì Yunifásítì Ìlọrin, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Rachel Pinker ti Yunifásítì Maryland, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bí ìtànṣán oòrùn ṣe ń dé ilẹ̀, tí ibùdó náà sì wọ inú àwọn ibùdó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní BSRN. Lọ́dún 1998, ẹ̀rọ AERONET tí NASA ń bójú tó dé sí Ìlọrin láti máa wọn eruku àti èéfín inú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fò gba inú eruku ọyẹ́ àti èéfín oko tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, àkọsílẹ̀ Ìlọrin wà lára ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìwọ̀n tiwọn wò. Ó fi hàn pé ìlú tí ìjì ń jà lè jẹ́ ìlú tí a ti ń kọ́ nípa ìjì.

Láti Karlsruhe dé Ouagadougou

Àpérò kejì wáyé ní Karlsruhe, ní Jámánì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2007. Ibẹ̀ ni èso ọdún 2006 ti kọ́kọ́ pọ́n: wọ́n to àwọn ìjì tí wọ́n ti tọpa kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí kálukú ti gbéra, bó ṣe yára tó, ohun tó pa á. Ọ̀kan lára ohun tó jáde kedere ni ipa ọ̀rinrin ilẹ̀. Ibi tí òjò rọ̀ sí lánàá àti ibi tó gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í gbóná dọ́gba, ìyàtọ̀ yẹn sì lè pinnu ibi tí ìjì òní á ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹta padà sí Áfíríkà, sí Ouagadougou, ní oṣù keje ọdún 2009. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n túká nígbà tí ìlú náà gan-an rí ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, òjò tó ju mìlímítà 260 rọ̀ sí Ouagadougou láàárín wákàtí díẹ̀. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í rọ̀ ní Sahel lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà nǹkan bí àádọ́jọ èèyàn ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà kàn, omi sì wọ ilé ìwòsàn Yalgado Ouédraogo, àwọn aláìsàn di ẹni tí wọ́n ń gbé sá kiri.

Ó dun ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ náà wọ akínyẹmí ara. Gbogbo ayé ìmọ̀ ìjì Áfíríkà ti pé jọ sí ìlú yẹn, ìwé ti jáde, àwòrán ti hàn lára ògiri, síbẹ̀ kò sí ìkìlọ̀ tó dé etí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá odò pé òjò irú èyí ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀, bó ṣe máa tètè jáde àti bó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, ti gba ààyè tó pọ̀ sí i nínú ìjíròrò wọn. Nígbà tí àpérò kẹrin jókòó ní Toulouse ní oṣù keje ọdún 2012, wọn ò lè sọ̀rọ̀ ìjì mọ́ láìsọ̀rọ̀ ìlú, gọ́tà àti ilé.

Ohun tó hù láti inú rẹ̀

Ìwé kan wà nínú èso AMMA tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ wa ní lọ́wọ́. Douglas Parker àti Mariane Diop-Kane ti Sẹ̀nẹ̀gàl ló ṣe olóòtú rẹ̀, ó sì jáde lọ́dún 2017: ìwé atọ́nà fún àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn olùwádìí ló jọ kọ ọ́. Ní Àkúrẹ́, FUTA di ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ WASCAL yàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ọmọ Togo, ọmọ Mali àti ọmọ Nàìjíríà ti ń jókòó sí kíláàsì kan náà. Lọ́dún 2016, iṣẹ́ DACCIWA tí Peter Knippertz ti Karlsruhe ṣíwájú gbé ẹ̀rọ dé Ilé-Ifẹ̀, dé Kumasi, ó sì dé Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin.

Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀. Lọ́dún 2017, Christopher Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì ọdún 35 hàn pé àwọn ìjì tó le jù lọ ní Sahel ti di ìlọ́po mẹ́ta láti ọdún 1982. Ooru aṣálẹ̀ tó ń pọ̀ sí i ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀. Lọ́dún 2018, Peter Vogel, Knippertz àti àwọn mìíràn yẹ àsọtẹ́lẹ̀ òjò àwọn kọ̀ǹpútà ńlá àgbáyé wò lórí àríwá ilẹ̀ olóoru Áfíríkà. Wọ́n rí i pé lórí òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn àsọtẹ́lẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kí èèyàn kàn wo bí òjò àsìkò yẹn ṣe máa ń rí lọ́dọọdún. Kọ̀ǹpútà tó lè sọ ìjì Yúróòpù ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kò tíì mọ ìwà ìlà ìjì wa dáadáa.

Nítorí náà ni iṣẹ́ African SWIFT, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017 tí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, NiMet, àti FUTA wà nínú rẹ̀, fi gba ọ̀nà mìíràn. Wọn ò dúró de kọ̀ǹpútà nìkan. Wọ́n kó àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ àti àwọn olùwádìí sínú yàrá kan náà, wọ́n jọ ń wo àwòrán sátẹ́láìtì tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì ń sọ ibi tí ìjì tó ti wà lójú ọ̀run á dé ní wákàtí díẹ̀ sí i. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Yúróòpù gbé sátẹ́láìtì tuntun lọ sójú ọ̀run, èyí tó ní ojú tó ń rí mànàmáná bó ṣe ń kọ lórí gbogbo Áfíríkà, tọ̀sán tòru.

Ìlà ìjì sábà máa ń rin nǹkan bí 50 sí 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Láti Bida dé Ìlọrin, tí èèyàn bá fà á tààrà, jẹ́ nǹkan bí 170 kìlómítà. Ìjì tó bá gba orí Bida kọjá ní aago méjì ọ̀sán, tó sì mú ọ̀nà Ìlọrin pọ̀n láìkú, á dé Táíwò Road ní nǹkan bí aago márùn-ún. Wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Ó tó fún rédíò láti sọ ọ́ ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tó kí olùkọ́ mọ̀ bóyá kí àwọn ọmọ dúró sí kíláàsì tàbí kí wọ́n máa lọ, kí ọlọ́jà kó àtẹ wọlé, kí awakọ̀ òfurufú tó ń bọ̀ ní Ìlọrin mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó pàdé ní Dakar lọ́dún 2005 ti ṣe iṣẹ́ tó fi hàn wá ibi tí ìjì náà ti ń bọ̀ àti bó ṣe ń rìn. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti NiMet, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara àti àwọn iléeṣẹ́ rédíò: kí wákàtí mẹ́ta yẹn dé ọwọ́ àwọn tó ni páànù.